Ta Ni Yóò Bá Olórin Dé Òpin Ìrìn Àjò?



Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi nílé ní Èjìgbò níbí. Olórin ni, ó sì mọ̀ ọ́n kọ. Ó fa ìwé kan yọ lápò. Ẹnì kan fẹ́ sanwó sítúdíò fún un, ṣùgbọ́n orin tó bá kọ síbẹ̀ di ti onítọ̀hún títí láé.

"Baba, ẹ bá mi bi Ifá. Ṣé kí n fọwọ́ sí i ni, àbí kí n dá dúró?"

Mo dá Ifá, Ògúndá Méjì ló yọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn ibẹ̀ á rántí. Wọ́n bi àwọn òrìṣà pé èwo nínú wọn ló lè bá ẹni tó ń bọ ọ́ rìn dé òkun tó jìnnà láì pẹ̀yìn dà. Ṣàngó ní òun lè ṣe é. Wọ́n ní tó bá dé Kòso ńkọ́, tí wọ́n gbé oúnjẹ tó fẹ́ràn fún un? Ó ní tóun bá yó tán, òun á gba ilé òun lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń dáhùn. Orí nìkan ló bá olówó rẹ̀ dé òpin.

Ẹ wò ó o: Ṣàngó ò dalẹ̀. Ó kàn ní ilé tirẹ̀ ni. Ẹni tó náwó sórí orin rẹ náà nílé, kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Ohun tó burú ni kó o gbé ẹ̀bùn Orí rẹ lé e lọ́wọ́, kó gbé e lọ sílé nígbà tó bá ń padà.

Láyé àtijọ́, ìwọ̀fà ń sin olówó, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni èlé. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà, ó bọ́. Ìwé ọmọ yìí ò ní ọjọ́ yẹn nínú. Kódà kówó onítọ̀hún padà lọ́nà mẹ́wàá, orin ò ní padà. Èwo ló wá le jù?

Àmọ́ ẹ má ṣì mí gbọ́. Dídá dúró kọ́ ni dídá nìkan wà. Lọ́dún 1969, Haruna Ishola olórin àpàlà àti I.K. Dairo olórin jùjú pawọ́ pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tiwọn sílẹ̀, STAR Records. Orin wọn ò jọra, wọ́n sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó ṣe é. Àwa ará Èjìgbò tá à ń lọ Àbíjàn náà mọ̀ ọ́n: ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ á gba àlejò sílé, ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bọ̀ tí kálukú á ní ìsọ̀ tirẹ̀.

Mo ní kó lọ bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọjọ́ tí orin máa padà sínú ìwé.

"Baba, tí ò bá gbà ńkọ́? Kò sẹ́lòmíì tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́."

Mo dákẹ́ díẹ̀. Ó rọrùn fún èmi tí mo ti jẹun láàárọ̀. Mo wá ní: "Ọmọ mi, máa kọrin níbi ìkómọ àti òkú àgbà, kó o máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀. Ó máa pẹ́. Ṣùgbọ́n tó o bá débẹ̀, ohùn rẹ á ṣì jẹ́ tìẹ."

Ó bọ Orí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Títí di òní, kò tíì fọwọ́ sí i.

Orí wa ò ní padà lẹ́yìn wa o. Àbọrú àbọyè àbọṣíṣẹ.