Aṣáájú àti Ogun Tí A Kò Mọ Òpin Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe yìí yin ìgboyà, ṣùgbọ́n kò sọ ti ẹni tí àáké rẹ̀ kán kí ó tó kan oyin. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí aṣáájú fi ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ wewu nínú ogun tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí yóò já sí?

Ẹ jẹ́ kí a wo Toussaint Louverture ní Saint-Domingue, ilẹ̀ tí à ń pè ní Haiti lónìí. Nígbà tí àwọn ẹrú dìde sí àwọn olówó wọn ní oṣù kẹjọ ọdún 1791, Toussaint ti gba òmìnira tirẹ̀ ṣáájú. Ó ní ohun tí ó lè pàdánù. Síbẹ̀, ó dara pọ̀ mọ́ wọn.

Ìjọba Faransé fòpin sí oko ẹrú ní ọdún 1794. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1802, ọmọ ogun tí ó pọ̀ tí Bonaparte rán dé ilẹ̀ náà. Isaac àti Placide, ọmọ Toussaint tí wọ́n ń kàwé ní ilẹ̀ Faransé, wà nínú ọkọ̀ wọn. A rán wọn sí baba wọn kí ìfẹ́ ọmọ lè mú un túúbá. Kò túúbá. Isaac yan ilẹ̀ Faransé. Placide bá baba rẹ̀ lọ sójú ogun.

Nígbà tí ogun le, Toussaint gba àdéhùn àlàáfíà ní oṣù karùn-ún. Ní oṣù kẹfà, a fi ẹ̀tàn pè é sí ìpàdé, a mú un, a sì kó òun àti ìdílé rẹ̀ lọ. Ó kú sínú òtútù ẹ̀wọ̀n Fort de Joux ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1803. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1804 ni Dessalines kéde òmìnira Haiti.

Àwọn kan lè sọ pé ìṣẹ́gun ni ó dá Toussaint láre. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ogun bá ṣẹ́gun, a ó pe aṣáájú ní akọni. Bí kò bá ṣẹ́gun, a ó pè é ní ọlọ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Toussaint yàn kò yí padà láàárín ikú rẹ̀ àti òmìnira náà. Ohun tí ó mọ̀ nígbà tí ó ń yàn ni ó yẹ kí a fi ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Ó mọ̀ pé oko ẹrú lè padà. Ó sì fi ara rẹ̀ ṣáájú nínú ewu. Ní ti àwọn ọmọ, ẹni tí ó fi wọ́n ṣe ìdógò ni ẹ̀bi kọ́kọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Síbẹ̀, baba ni ó gbé ìrora rẹ̀ dé ẹ̀wọ̀n.