Fíìmù Watergate Lórí Òṣùwọ̀n Ọmọlúàbí

Fíìmù All the President's Men jáde lọ́dún 1976, ọdún méjì lẹ́yìn tí Richard Nixon kọ̀wé fipò ààrẹ Amẹ́ríkà sílẹ̀. Alan J. Pakula ló darí rẹ̀. Robert Redford àti Dustin Hoffman kó ipa Bob Woodward àti Carl Bernstein, àwọn akọ̀ròyìn Washington Post tó tọpinpin ọ̀ràn Watergate. Lóru ọjọ́ 17, oṣù Kẹfà, ọdún 1972, ọlọ́pàá mú ọkùnrin márùn-ún tó fọ́ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat nínú ilé Watergate, owó ìpolongo ìbò Nixon ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Tíọ́rì ìmọ̀ ìròyìn lè tú fíìmù yìí palẹ̀ dáadáa, àmọ́ ohun tí ìròyìn ṣe láwùjọ ló ń wọ̀n. Ìwà ẹni tó gbé ìròyìn náà jáde kò sí lórí òṣùwọ̀n rẹ̀; òṣùwọ̀n ọmọlúàbí ló ń wọn ìyẹn.

Kurt Lewin ló dá tíọ́rì oníbodè sílẹ̀, David Manning White sì fi wo iṣẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn ní 1950. Ìròyìn kì í dé ọwọ́ òǹkàwé àfi bí ẹni tó wà lẹ́nu ibodè bá jẹ́ kó kọjá. Oníbodè inú fíìmù yìí ni Ben Bradlee, olóòtú àgbà, ipa tí Jason Robards fi gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar. Ó fi bírò fagi lé ohun tí Woodward àti Bernstein kọ, ó ní ẹ̀rí wọn kò tíì tó, kí wọ́n gbé e sójú ewé inú. Àgbà tó mọ̀ pé ẹyin lọ̀rọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìròyìn Maxwell McCombs àti Donald Shaw fọ̀rọ̀ wá àwọn olùdìbò ìlú Chapel Hill lẹ́nu wò nígbà ìbò 1968. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1972 ni pé ohun tí ilé-iṣẹ́ ìròyìn bá gbé síwájú ni ará ìlú ń kà sí pàtàkì. Watergate fi ibi tí agbára yẹn mọ hàn. Láti oṣù Kẹfà ni Washington Post ti ń kọ ọ́, síbẹ̀ Nixon wọlé ní ìpínlẹ̀ 49 nínú 50 nígbà tó di oṣù Kọkànlá. Ilé ẹjọ́ Adájọ́ John Sirica, ìgbìmọ̀ Sẹ́nétọ̀ tí tẹlifíṣọ̀n gbé ìjókòó rẹ̀ jáde lọ́dún 1973, àti téèpù tí Nixon fúnra rẹ̀ gbà sílẹ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé. Fíìmù náà kò dúró lórí wọn. Ẹni tó bá wò ó nìkan yóò gbà pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló lé ààrẹ kúrò lórí àga.

Bí àwọn akọ̀ròyìn náà bá gun òṣùwọ̀n ọmọlúàbí, iṣẹ́ àṣekára àti akínkanjú wọn wúwo. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ló kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n ní kí ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ padà lọ bá ọkùnrin tó ti fẹ́ rí, kó lè gba orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ ìpolongo Nixon. Bernstein dọ́gbọ́n wọlé obìnrin tó ń ṣírò owó ìgbìmọ̀ náà, ó ń fi kọfí pẹ́ níjòókòó, bí ẹ̀rù ti ń ba onítọ̀hún tó. Ó sọ fún agbẹjọ́rò kan lórí fóònù pé òun yóò ka ení dé ẹ̀wá. Bí ìròyìn náà bá léwu, kó gbé fóònù sílẹ̀ kó tó pé. Agbẹjọ́rò náà kò gbé e sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde pé Hugh Sloan, akápò ìpolongo, ti dárúkọ Bob Haldeman, olórí òṣìṣẹ́ ààrẹ, níwájú àwọn ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀rí. Sloan kò dárúkọ rẹ̀, nítorí wọn ò bi í. Òótọ́ tí wọ́n fi ení-èjì wá kò lè dúró bí èyí tí ẹlẹ́rìí fẹnu ara rẹ̀ sọ.

Sloan ní tirẹ̀ ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí ẹ̀rí ọkàn, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún. Fíìmù náà bọ̀wọ̀ fún un.

Onímọ̀ ìròyìn Robert Entman ṣàlàyé ní 1993 pé yíyàn ni ìròyìn, pé ohun tí wọ́n bá fà síwájú ló ń hàn. Ẹni tó yẹ kó hàn jù níbí ni Frank Wills, ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ọmọ ọdún 24 tó ń ṣọ́ ilé Watergate lóru yẹn. Ó rí téèpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn kan kó má bàa tì, ó yọ ọ́. Nígbà tó tún yípo débẹ̀, ó bá òmíràn, ó sì pe ọlọ́pàá. Kò tan ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tó gbà ló ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ara rẹ̀ nínú fíìmù, fúngbà díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ìtàn sì fi í sílẹ̀ lọ. Iṣẹ́ wọ́n ọn lẹ́yìn náà, ó sì kú nínú ìṣẹ́ lọ́dún 2000, lẹ́ni ọdún 52.