Ta Ni Ọmọ Onílẹ̀?

Àbúrò bàbá mi obìnrin lọ bí ọmọ rẹ̀ sí ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní Amẹ́ríkà. Ilé ọ̀rẹ́ wọn kan ni wọ́n dé sí. Nígbà tí ọmọ náà pé oṣù méjì, wọ́n gbé e padà wá sílé, kò sì tíì tún fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà ni. Páàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ wà nínú àpótí ìyá rẹ̀, wọ́n fi aṣọ wé e.

Nínú ilé tí àǹtí mi dé sí, ọmọbìnrin kan wà tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n gbé e dé ibẹ̀. Ibẹ̀ ló ti lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, ibẹ̀ náà ló ti ń parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìwé ìgbélùú àwọn òbí rẹ̀ ti parí tipẹ́. Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ó sì ń san owó orí, síbẹ̀ ọmọ náà kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà.

Àwọn méjèèjì ló wá sí mi lọ́kàn nígbà tí olùkọ́ wa ní kí a jiyàn lórí bóyá ó yẹ kí ẹni tí wọ́n bá ṣáà ti bí sí ilẹ̀ kan di ọmọ ilẹ̀ náà. Apá àwọn tó ní ó yẹ ni wọ́n fi mí sí. Inú mi kò dùn sí i. Lójú tèmi nígbà náà, ẹni tó bá dá owó ọbẹ̀ ló yẹ kó jẹ ẹran.

Mo lọ wádìí ibi tí òfin náà ti wá. Ní 1857, nínú ẹjọ́ Dred Scott, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà kò lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà, ìbáà ti gba òmìnira. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni wọ́n ṣe Àtúnṣe Kẹrìnlá sí ìwé òfin wọn ní 1868: ẹni tí wọ́n bá bí síbẹ̀, tó sì wà lábẹ́ òfin ibẹ̀, ọmọ ibẹ̀ ni. Ní 1898, ọ̀rọ̀ kan Wong Kim Ark, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ṣáínà, tí wọ́n sì bí i sí San Francisco. Ó lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ṣáínà, ó dé, wọ́n ní kò lè wọlé. Ilé-ẹjọ́ ní ọmọ onílé ni. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní 2025, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kan pé kí wọ́n má ka ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ní ìwé, tàbí tó kàn wá fún ìgbà díẹ̀, mọ́ ọmọ Amẹ́ríkà, bí bàbá rẹ̀ kò bá jẹ́ ọmọ ibẹ̀ tàbí ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí. Kíá ni àwọn adájọ́ dá a dúró. Irú ọmọ àǹtí mi gan-an ni ìwé yẹn ń wí.

Ọ̀rọ̀ owó orí ló yà mí lẹ́nu jù. Láti 1996 ni àjọ tó ń gba owó orí ní Amẹ́ríkà ti ní nọ́ńbà tó ń fún àwọn tí kò lè gba nọ́ńbà ti ọmọ onílùú, kí àwọn náà lè san tiwọn. Bí bàbá ọmọbìnrin yẹn bá ra bàtà, owó orí wà lórí bàtà. Ṣùgbọ́n bí ebi bá pa á, ìrànwọ́ oúnjẹ ìjọba àpapọ̀ kò kàn án. Ọmọ àǹtí mi ńkọ́? Òfin Amẹ́ríkà ní ọmọ orílẹ̀-èdè náà, níbikíbi tó bá wà láyé, gbọ́dọ̀ jábọ̀ owó tó ń wọlé fún un bí ó bá ti tó iye kan. Nígbà tí mo sọ fún àǹtí mi, wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n tún un sọ.

Mo wá rí i pé èrò mi àkọ́kọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí owó orí bá ni ìwọ̀n, ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì kò ní jẹ́ ọmọ ìlú tó ọ̀gá tó ni ọ́fíìsì, ọmọ ìkókó kò sì ní jẹ́ nǹkan kan. Ní 1982, nínú ẹjọ́ Plyler, ilé-ẹjọ́ fagi lé òfin Texas tó fẹ́ dínà ilé-ìwé ọ̀fẹ́ mọ́ ọmọ tí kò ní ìwé. Wọ́n ní ọmọ kọ́ ló pinnu pé òun ń bọ̀. Ìdájọ́ yẹn ni ọmọbìnrin yẹn fi ń jókòó ní kíláàsì.

Nítorí náà mo gbà kí ọmọ àǹtí mi máa jẹ oríire tí kò ṣiṣẹ́ fún. Òfin tó béèrè ibi tí wọ́n bí ọmọ sí nìkan kò fún akọ̀wé kankan láyè láti máa tú ìdí òbí wò. Ṣùgbọ́n bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ó yẹ kó di ọṣẹ. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í ṣe ìgbà díẹ̀.

Apá tiwa ló borí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ gba fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìpínlẹ̀ tí à ń gbé. Bàbá mi ti ń san owó orí fún ìpínlẹ̀ yìí kí wọ́n tó bí mi. Akọ̀wé béèrè pé, "Níbo ni bàbá ẹ ti wá?" Mo ní, "Ibí ni wọ́n bí mi sí, sà." Wọ́n ní àwọn kò béèrè ibi tí wọ́n bí mi sí.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ní kí ìjọba rí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ní ẹ̀tọ́ láti gbé níbikíbi nínú rẹ̀. Ìwé òfin kan náà, tí ọ̀rọ̀ bá kan mínísítà, ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọmọ bíbí ibẹ̀ kan. Mo fi àwọn méjèèjì han bàbá mi. Wọ́n ní kí n gbé bàtà mi, kí a lọ sí ìlú àwọn.

Oru mẹ́ta péré ni mo ti sùn ní ìlú yẹn láyé mi. Baálé agboolé wa kò mọ̀ mí. Orúkọ bàbá bàbá mi ni wọ́n béèrè, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé. Káńsù lu òǹtẹ̀ sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ti wá di ọmọ àǹtí mi ní ìlú kan, mo sì jẹ́ ọmọbìnrin Houston ní èkejì.

Ìwé náà wà lórí tábìlì mi. Ìpínlẹ̀ bàbá mi náà ní owó ìrànwọ́ tirẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì máa gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ ni owó náà wà fún, wọn kò sì pọ̀ tí wọ́n ń rí i gbà. N kò tíì kọ orúkọ mi sí i.