Ṣé Ká Kàn Fi Ẹjọ́ Bọ́lá Ìgè Sun Ọlọ́run?

Ní Jahi, l'Ábújá, ìwé ìsìn ìdágbére amòfin kì í ṣòro dá mọ̀. Àwòrán olóògbé pẹ̀lú ẹ̀wù dúdú àti wíìgì ló máa ń wà níwájú. Téèyàn bá ṣí i, á rí òun àtìyàwó, àwọn ọmọ, àwọn ọmọ-ọmọ. Wọ́n á kà á jáde pé ọkọ gidi ni, bàbá àtàtà ni. Tó bá wá jẹ́ pé ìbọn ló pa á, ẹnì kan á dìde gbàdúrà, á ní: "A fi ẹjọ́ wa sun Ọlọ́run." Gbogbo èèyàn á ṣe àmín, wọ́n á sì lọ jẹun.

Kí ló yẹ kó tẹ̀lé àmín yẹn?

Ikú Bọ́lá Ìgè kò jẹ́ ká lè gbójú fo ìbéèrè yìí. Ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ni, wọ́n bí i ní 1930, ṣùgbọ́n Kàdúná ló ti ṣe kékeré, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀, Kaduna Boy. Ó di amòfin ní Lọ́ńdọ́nù ní 1961. Ó ṣe gómìnà Ọ̀yọ́ láti 1979 sí 1983, kó tó wá di Mínísítà Ètò Ìdájọ́ àti Agbẹjọ́rò Àgbà ní 2000. Adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ni ìyàwó rẹ̀, Àtinúkẹ́. Nínú ilé wọn, òfin wà lọ́wọ́ ọkọ, ó wà lọ́wọ́ aya.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá, 2001, Kérésì ku ọ̀túnla, Ìgè wà nílé rẹ̀ ní Bódìjà, n'Íbàdàn. Àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ ti jáde lọ jẹun. Àwọn agbébọn wọlé, wọ́n yìnbọn pa á nínú yàrá rẹ̀, nígbà tí aya àti ẹbí rẹ̀ wà nínú ilé kan náà. Wọ́n gbé àwọn afurasí lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ dá wọn sílẹ̀. Ẹni tí kóòtù bá dá sílẹ̀, kò yẹ ká tún máa nàka sí i. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ló yìnbọn náà. Adájọ́ Àtinúkẹ́ kú ní 2003, kò rí i kí wọ́n dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Obìnrin tó ti ń dá ẹjọ́ fọ́lọ́jọ́!

Àwọn tó ní ká fi ẹjọ́ náà sílẹ̀ fún Ọlọ́run máa ń tọ́ka sí ìwé Róòmù orí 12, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní ti Ọlọ́run ni ẹ̀san. Òótọ́ ni. Àmọ́ kí wọ́n ka orí 13 tó tẹ̀ lé e: níbẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti sọ pé idà ọwọ́ aláṣẹ kì í ṣe idà lásán, ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni aláṣẹ náà lórí ẹni tó ṣe ibi. Ìyẹn ni pé ẹjọ́ tí a fi sun Ọlọ́run, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti gbé e lé ìjọba lọ́wọ́. Kùránì náà, nínú Súrà kẹrin, ẹsẹ 135, pa á láṣẹ fún onígbàgbọ́ kó dúró gbọn-in ti ẹ̀tọ́, kódà bó bá kan òbí rẹ̀.

Opó inú Lúùkù orí 18 ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí jù lọ. Adájọ́ ìlú rẹ̀ kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kò sì ka èèyàn sí. Opó náà kò jókòó sílé máa sunkún. Ó lọ, ó tún lọ, títí ó fi sú adájọ́, tó sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un. Àkàwé nípa àdúrà àìsinmi ni Jésù fi ìtàn rẹ̀ ṣe, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ni obìnrin náà fi ń rìn lọ sí kóòtù.

Àwọn baba wa tó ń gbé àdá tàbí ìgbálẹ̀ lé òkú ẹni tí wọ́n pa lọ́wọ́ kó lè gbẹ̀san ara rẹ̀, àwọn náà kì í ṣaláì ṣèwádìí. Wọ́n á wádìí lọ́dọ̀ Ifá, wọ́n á da ìbéèrè bo ẹni tí wọ́n fura sí.

Ní 2016, Ààrẹ Buhari pàṣẹ kí ọlọ́pàá tún ẹjọ́ Ìgè yẹ̀ wò. Kóòtù kankan kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Láti Jahi sí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ ní òpópónà Shehu Shagari kò jìnnà. Ìjọ tó bá ń ṣe ìrántí Ìgè ní oṣù Kejìlá lè kọ lẹ́tà kan ṣoṣo síbẹ̀, kí wọ́n béèrè ibi tí ìwádìí dé. Bí èsì kò bá dé, kí wọ́n tún kọ òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀.