Wọ́n Ní Tọ́ílẹ́ẹ̀tì Ló Ti Kó O

Ìyá kan ń ta gàrí l'ọ́jà Ifọ̀. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún, nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti dáwọ́ dúró. Abẹ́ ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń yún un, pàápàá lóru. Bó bá ń wọn gàrí lọ́sàn-án, ó lè gbàgbé. Bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ọwọ́ kì í kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Oníkẹ́míìsì ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. "Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kíṣọ̀n ni, Màmá." Ó di kápúsù, ó di Fílájììlì, ó di abẹ́rẹ́. Nígbà tí kò gbóògùn, aládùúgbò ní kó máa jókòó sínú omi gbígbóná tí wọ́n po álọ́ọ̀mù sí. Ẹlòmíì ní kó máa fi Dettol fọ̀ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe, awọ ibẹ̀ sì ń bó sí i. Bó bá tọ̀, á máa ta á. Bí ọkọ bá súnmọ́ ọn, á ya, á ṣẹ̀jẹ̀. Baálé ilé wá bi í lálẹ́ ọjọ́ kan pé: "Ibo lo ti lọ kó o?" Èmi ò rò pé yíyún yẹn dùn ún tó ìbéèrè yìí.

Lichen sclerosus lohun tó ń ṣe é. Kì í ṣe àìsàn tuntun: Hallopeau, oníṣègùn awọ ara ní Paris, ti kọ nípa rẹ̀ ní 1887. Kì í ràn, ilé ìyàgbẹ́ kọ́ ni wọ́n ti ń kó o, ọkùnrin kọ́ ló sì ń gbé e wálé. Èyí tí àwọn dókítà gbà jù ni pé àwọn ọmọ ogun inú ara ló ṣìnà, tí wọ́n dojú ìjà kọ awọ ara fúnra rẹ̀. Awọ náà á funfun, á fẹ́lẹ́ bíi bébà tí wọ́n rún. Ètè kékeré ojú ara lè lẹ̀ mọ́ra, kí ẹnu rẹ̀ sì máa há sí i. Lára ìyá tí wọ́n ti dábẹ́ fún láti kékeré, ta ni yóò tètè fura? Àwọn tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ló ń bá jà jù, àti àwọn ọmọdébìnrin tí wọn ò tíì rí tiwọn. (Lára ọmọdé, ojú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń hàn níbẹ̀ ti mú kí wọ́n fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kan ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.)

Ọmọ ìjọ rẹ̀ kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló mú un wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n gba Pápáláńtò àti Ìtòrí kọjá, ó di ilé ìwòsàn ńlá kan l'Abẹ́òkúta. Dókítà obìnrin tó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀ ní, "Màmá, ẹ má tijú, mo ti rí irú ẹ̀ rí." Ó yẹ ibẹ̀ wò, ó gé awọ bín-ín-tín fún àyẹ̀wò, ó sì kọ ìpara clobetasol 0.05% fún un: lálaalẹ́ ní oṣù kìíní, kó máa fo alẹ́ kan ní oṣù kejì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní oṣù kẹta. Èyí tó gùn tó orí ìka ìlábẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́ ti tó lẹ́ẹ̀kan. Gíráàmù 30 yẹ kó tó oṣù mẹ́ta. Kó má fi ọṣẹ kan ibẹ̀ mọ́, omi lásán ni, kó sì máa fi Vaseline pa á kó tó tọ̀.

Ìgbà tó délé ni wọ́n bá a ka páálí oògùn, àyà rẹ̀ já. Orúkọ clobetasol yìí kan náà ló wà lára ìpara tí wọ́n ń rà l'ọ́jà láti fi bóra! Ó jù ú sísàlẹ̀ àpótí. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ló wá a rí, ló ń fi í pa ojú kó lè pọ́n, irorẹ́ sì bo ojú náà. Oògùn tó ń ba awọ ojú jẹ́ yìí gan-an ló ń wo awọ ìsàlẹ̀ sàn, bí wọ́n bá fi ìwọ̀n lò ó lábẹ́ ìṣọ́ dókítà.

Nígbà tí èyí yé ìyá náà, ó padà lò ó, yíyún sì lọ. Ló bá dáwọ́ dúró. Kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, ó ti padà dé. Àìsàn yìí kì í tán pátápátá, ohun tó bá sì ti lẹ̀ pọ̀ kì í dédé yà mọ́. Nínú obìnrin 100 tó ní in, àwọn tí jẹjẹrẹ ń yọ sí níbẹ̀ kò tó 5, ewu náà sì dín kù fún ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé.

Dókítà ránṣẹ́ pe baálé, ó là á yé e lójúkojú pé ìyàwó rẹ̀ kò kó nǹkan kan níbì kankan. Ìyá náà ń pa ìpara rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú àti Ọjọ́rú báyìí, ó sì ń fi dígí ọwọ́ yẹ ara rẹ̀ wò lóṣooṣù. Bí egbò tí kò jinná tàbí kókó bá yọ, bọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta ni yóò wọ̀.