Ohun Olóhun Kì í Ṣe Ọrẹ Ìkórè

Ìwé Kíkà: Jeremáyà 23:30, 2 Sámúẹ́lì 24:24



Nínú ìwé Jeremáyà, Ọlọ́run dojú kọ àwọn wòlíì tí ń jí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n jí, kì í ṣe ewúrẹ́. Síbẹ̀ olè ni Ó kà á sí.

Bí àjọ̀dún ẹgbẹ́ bá ti ń súnmọ́ nísinsìnyí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ wa ń sáré lọ. A ó mú ìwàásù ẹlòmíràn, a ó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, a ó sì kà á níwájú ìjọ bí ẹni pé orí eékún ni a ti gbà á. A ó tẹ orin tuntun sínú ìwé, a ó máa tà á. "Ṣebí iṣẹ́ Olúwa ni." Háà! Dáfídì kọ̀ láti rú ẹbọ tí kò ná an ní nǹkan kan. (Ní kíláàsì mi, ọmọ tí ó bá jí iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ wò, òdo ni.)

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé orin Mẹ́tọ́díìsì ti 1780, John Wesley yọ̀ǹda kí a tẹ orin òun àti Charles àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bẹ̀bẹ̀ kí a má ṣe yí ọ̀rọ̀ inú wọn padà, kí a má baà ka ìsọkúsọ ẹlòmíràn sí wọn lọ́rùn.

Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2022, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023, dáàbò bo ohun tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Ẹ̀tọ́ ẹni tí ó kọ orin wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Charles Wesley kú ní 1788, nítorí náà orin rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ti di ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ ọ̀kan nínú wọn sí Yorùbá ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lórí ìtumọ̀ náà.

Kí a tọrọ ni. Kíkọ orúkọ olórin dára, ṣùgbọ́n kò tó bí a bá fẹ́ tà á. Òmíràn yóò yọ̀ǹda lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá dá iye kan, kí akápò san án. Kí akọ̀wé sì ti gba èsì kí ìwé ètò tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.