Ṣé Àìgbẹ́kẹ̀lé Ni Àyẹ̀wò?

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe yìí sọ ẹni tó yẹ kó tọ́jú àgbà, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó yẹ kó máa wo ọwọ́ olùtọ́jú. Lóde òní, iṣẹ́ ti gbé ọ̀pọ̀ ọmọ jìnnà sílé, àwọn kan sì ń fi òbí wọn sí ilé ìtọ́jú arúgbó. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣiṣẹ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mi nìyí: bí ìjọba bá rán ènìyàn lọ wo ilé náà, tí wọ́n fi òwú gba ikun imú àwọn àgbà lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ṣé àbùkù ni fún ẹni tó ń fi tọkàntọkàn ṣiṣẹ́?

Àwọn kan yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á ní ìfẹ́ kò nílò ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ wọn dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ilé ìtọ́jú kan ní King County, ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n ṣe àyẹ̀wò àrùn Kòrónà fún àgbà 76 níbẹ̀. Àwọn 23 ló ní in. Nínú àwọn 23 yìí, 13 kò ní àmì àìsàn kankan lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, 10 nínú wọn ti ń ṣàìsàn. Ṣáájú ìgbà náà, òṣìṣẹ́ kan ti fi àìsàn náà ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ méjì. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ràn àwọn àgbà náà gan-an. Kòkòrò kì í bèèrè bóyá a fẹ́ràn ẹni tí à ń bọ́.

Àwa náà ti rí irú rẹ̀. Ní Èkó, ní oṣù keje ọdún 2014, Dókítà Ameyo Adadevoh fura sí aláìsàn kan tó ti Làìbéríà dé. Yàrá àyẹ̀wò LUTH ní Ìdí-Àràbà ló fi hàn pé Ebola ni. Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tó wà nítòsí ló ń tètè sọ ìfura di òtítọ́.

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ẹni ẹlẹ́ni ní ń rí tẹni. Olùtọ́jú tó mọ̀ pé ohun kan wà tí ojú òun kò lè rí kò ní bínú sí àyẹ̀wò. Ọwọ́ rẹ̀ ni agbára wà. Àgbà tí kò lè dìde lórí ibùsùn kò lè yan ẹni tí yóò wọ yàrá òun.

Síbẹ̀, àyẹ̀wò náà ní ààlà. Nígbà Kòrónà, ọ̀pọ̀ ilé ìtọ́jú ló ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ, àwọn àgbà kan sì kú láìfojú kan ẹni tiwọn. Ààbò tó gba ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ àgbà kò pé. Ó yẹ ká sọ ohun tí a fẹ́ ṣe fún wọn, ká sì gbọ́ tẹnu wọn. Ó yẹ kí ojú wà lára ayẹniwò pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ Care Quality Commission máa ń gbé àbájáde àyẹ̀wò rẹ̀ síta kí gbogbo ènìyàn lè kà á.

Nítorí náà, èmi kò gbà pé àìgbẹ́kẹ̀lé ni àyẹ̀wò. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí a kò lè dán wò, ìrètí lásán ni. Bí ìyá àgbà bá sì wà nínú ilé tiwa, ìbéèrè náà ṣì kàn wá: bí nọ́ọ̀sì bá kanlẹ̀kùn, tó ní òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ àti bí wọ́n ṣe ń sùn, ṣé a ó ṣílẹ̀kùn fún un?